Gbẹ́rẹ́ àti Abẹ́rẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tí Ìka Rẹ̀ Ń Há

  

Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ ni mo mú wá lónìí. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó wo ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe nínú ẹ̀sìn wa. Ọwọ́ ni awo fi ń já ikin mẹ́rìndínlógún gbà láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ìka ni ó fi ń tẹ Odù sínú ìyẹ̀rosùn. Ọwọ́ kan àyàn ló ń fún okùn awọ gángan, èkejì ló ń mú kọ̀ǹgọ́. Ìyálóòṣà tó ń bu omi, olóògùn tó ń gún ẹ̀tu, ẹni tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ ni gbogbo wọn gbójú lé. Bí ìka kan bá há, iṣẹ́ òrìṣà dúró, oúnjẹ ilé náà sì ń mì.

Láti ìgbà díẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀dùn kan náà lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní àdúgbò yìí. Bí wọ́n bá jí ní òwúrọ̀, ìka òrùka tàbí àtàǹpàkò á ti ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ kejì nà án, á dún kà, á sì dùn wọ́n dé ìsàlẹ̀ ìka. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Àwọn kan gbà pé àsàsí ni, wọ́n ń ná owó lórí ètùtù láìtíì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ ní ìdí lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Àwọn kan ń mu àgúnmu tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí dókítà bá sọ fún àwọn kan pé abẹ́rẹ́ kan wà tí a lè fún ìka náà, wọ́n á ní àwọn kò lè fi oògùn òyìnbó ba ara tí a ti tẹ̀ ní Ifá jẹ́. Nítorí ìdáhùn ìkẹyìn yìí ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Ẹ wo okùn ṣòkòtò bó ṣe ń gba inú ojóbó rẹ̀ kọjá. Bí okùn náà kò bá ní kókó, tí ojóbó náà kò sì fún, ẹ lè fà á bó ṣe wù yín. Bí ẹ bá ta kókó sára okùn, yóò dé ojú kan, yóò sì há. Bí iṣan ìka ṣe rí gan-an nìyẹn. Iṣan tó ń ká ìka wọlé ti inú apá wá, ó gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá, ó sì wọ inú ihò tóóró tí àwọn ọ̀já kéékèèké fi mọ́ egungun ìka. Ọ̀já àkọ́kọ́ wà ní ibi tí ìka ti pàdé àtẹ́lẹwọ́. Bí ọ̀já yìí bá nípọn, tí iṣan náà sì wú tó ta kókó, ìka lè ká wọlé, ṣùgbọ́n àtinà rẹ̀ á di ìjàkadì. Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Notta ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1850, nítorí náà kì í ṣe àrùn tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó máa ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì pọ̀ jù láàárín ẹni 40 sí 60 ọdún. Nínú èèyàn 100, ó tó 2 tàbí 3 tí ó lè mú nígbà kan láyé wọn. Láàárín àwọn alátọ̀gbẹ, ó lè tó 10 nínú 100. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń há, pàápàá tó bá ju ìka kan lọ, lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mi ò sọ pé ayé kò ní ọ̀tá, mi ò sì sọ pé àsàsí kò sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé àtọ̀gbẹ ti wọ ilé púpọ̀ láàárín wa, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà tó sì ń wá àjẹ́ kiri, àtọ̀gbẹ náà kò ní dúró dè é.

Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìsinmi ni oògùn àkọ́kọ́. Kí onílù fi gángan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí onídìrí dín iṣẹ́ kù, kí ẹni tó ń fún kọ́lọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́ jẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi. A lè fi igi pẹlẹbẹ tàbí ike di ìka náà kí ó má ká lóru. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí máa ń tu ọwọ́ lára, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ má lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, tí ó ń le sí i, ibi tí abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì ti wúlò nìyẹn. Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fi ìwọ̀nba oògùn, tí kì í sábà ju mìlílítà kan lọ, sí ìsàlẹ̀ ìka, nítòsí ọ̀já tó ti fún náà. Wọ́n sábà máa ń da oògùn tó ń pa ìrora pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ oògùn náà ni láti mú kí wíwú rọlẹ̀, kí iṣan rí àyè kọjá. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó hàn. Ju ìdajì àwọn tó gbà á lọ ni ó ń tú ìka sílẹ̀ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè padà wá fún àwọn kan, tí kì í sì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún alátọ̀gbẹ.

Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé ṣé èèwọ̀ ni abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ Ìṣẹ̀ṣe. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe èèwọ̀, ohun tí mo sì gbé e lé wà nínú àṣà wa fúnra rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ rántí gbẹ́rẹ́. Àwọn baba wa kò gbà pé ẹnu nìkan ni ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọ ara. Bí ibi kan bá ń dun ni, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀tu rà á, kí oògùn lè dé ibi tí àrùn wà gan-an. Kí ni abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ìka ń ṣe tó yàtọ̀ sí èyí? Èrò kan náà ni: oògùn díẹ̀, lábẹ́ awọ, ní ojú ibi tí àrùn wà. Ẹni tó bá gba gbẹ́rẹ́ tó wá ń pe abẹ́rẹ́ ní ohun àjèjì, orúkọ ló ń bá jà.

Lẹ́ẹ̀kejì, ta ló ni irin? Ògún ni. Olóolà tó ń kọlà tó sì ń dábẹ́, abẹ́ Ògún ló wà. Abẹ́rẹ́ dókítà jẹ́ irin, ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ jẹ́ irin. Òrìṣà tó ni irin inú ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ní Mile 2 náà ló ni irin ọwọ́ dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ Ògún kí ó tó lọ gba abẹ́rẹ́, kí ó bẹ̀ ẹ́. Kò sí ìjà láàárín ẹ̀bẹ̀ náà àti ilé ìwòsàn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká bi oògùn náà léèrè pé níbo ló ti wá. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe èyí tó jọ ọ́, láti inú ẹṣẹ́ kéékèèké tó jókòó lórí kíndìnrín. Ní 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, Philip Hench fi èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́tísóònù tọ́jú obìnrin kan tí àrùn oríkèé ti sọ di arọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dìde, ó ń rìn. Ní 1950, òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀rẹ̀, òróòro màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Màlúù tí wọ́n nílò pọ̀ débi pé oògùn náà wọ́n bí ojú. Ohun tó jẹ́ kí ó di ohun tí gbogbo ayé ń lò ni ohun tó ń hù jáde láti inú ilẹ̀. Ní Mẹ́síkò, Russell Marker ti rí i ní àwọn ọdún 1940 pé iṣu igbó ilẹ̀ náà, ìbátan iṣu tí àwa ń gún, ní èròjà kan nínú tí a lè sọ di irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, iṣu igbó yẹn ni wọ́n ń fi ṣe kọ́tísóònù.

Ẹnìkan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìṣẹ̀ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Percy Julian ni. Wọ́n bí i ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1899. Ẹrú ni baba baba rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Julian fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ìka méjì ni wọ́n gé kúrò lọ́wọ́ baba àgbà náà nítorí pé ó kọ́ ìwé. Ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n gé ìka rẹ̀ yìí ló wá di onímọ̀ kẹ́místírì, tó fi ẹ̀wà sóyà ṣe àwọn èròjà tí wọ́n ń fi ṣe sitẹ́rọ́ìdì. Ní 1949, ó kéde ọ̀nà tuntun tó mú kí ṣíṣe kọ́tísóònù rọrùn sí i. Síbẹ̀, nígbà tó ra ilé sí Oak Park ní ẹ̀gbẹ́ Chicago, àwọn tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbé ibẹ̀ gbìyànjú láti dáná sun ún ní 1950, wọ́n sì ju nǹkan abúgbàù sí i ní 1951.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń pè é ní oògùn òyìnbó, ẹ rántí iṣu igbó, ẹ rántí òróòro màlúù, ẹ rántí ọmọ-ọmọ ẹrú. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ọ̀sanyìn nígbà tí Ọ̀rúnmìlà rán an lọ ro oko. Kò rí ewé kan tó lè hú dànù, nítorí kò sí èyí tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣé àwa ọmọ rẹ̀ ló wá yẹ kí a máa ju oògùn nù nítorí pé inú ìgò ló ti jáde?

Ìlú tí à ń gbé yìí gan-an kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà. Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town sórí ilẹ̀ Àwórì. Àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, títí kan àwọn ọmọ ẹrú tó padà wá wo ilé, sùn sínú àwọn ilé tí a ń gbé lónìí. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ wọn, iná mànàmáná ló tàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́ ahéré amọ̀ kí àṣà tó lè wọlé. Àṣà tó dúró ṣinṣin lè lo ohun tuntun láìsọ ara rẹ̀ nù.

Mo ti gbe abẹ́rẹ́ náà lẹ́sẹ̀ tó, ó wá di dandan kí n sọ àléébù rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà tí kò sọ àbùkù rẹ̀, oníjìbìtì ni. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ lè lọ sókè fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí náà kí ó sọ fún dókítà ṣáájú, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka náà lè dunni sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ojú ibi tí wọ́n gún lè funfun, ó sì hàn gbangba lára àwa tí awọ wa dúdú. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ. Awọ ibẹ̀ lè tín-ín-rín. Kíkó kòkòrò àti jíjá iṣan kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣẹlẹ̀. Nítorí èyí, wọn kì í sábà fún ìka kan ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Bí kò bá gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ abẹ kékeré ló kù: wọ́n á pa ìrora ọwọ́ náà, wọ́n á la ọ̀já tó fún, aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù, nítorí ìka tó bá ká fún ìgbà pípẹ́ lè le pátápátá.

Ní báyìí, mo fẹ́ yí ojú sí ilé wa fúnra wa, ọ̀rọ̀ ibí yìí yóò sì korò. Oògùn kan náà tí àwọn kan ń sá fún nínú abẹ́rẹ́ dókítà, òun ni wọ́n ń mu láìmọ̀. Àwọn kan wà tí ń lọ hóró dexamethasone tàbí prednisolone, tí wọ́n ń pò ó mọ́ àgúnmu, tí wọ́n ń tà á fún arúgbó gẹ́gẹ́ bí ewé àti egbò. Ẹni tó mu ún á ní ara òun yá lọ́jọ́ kan náà, á sì yin Ọ̀sanyìn. Ọ̀sanyìn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọgbọ́n àrékérekè yìí ti kárí ayé. Ní 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún ará ìlú nípa oògùn oríkèé kan tó ń jẹ́ Artri King, tí wọ́n ń tà bí ohun àdáyébá, nítorí pé wọ́n bá dexamethasone àti diclofenac nínú rẹ̀, èyí tí wọn kò kọ sára páálí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì. Ìwọ̀nba oògùn ní ojú kan lára ìka, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbé mì lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí à ń mu lójoojúmọ́ lè mú kí ojú wú, kí ṣúgà lọ sókè, kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí ikùn bó, kí egungun fúyẹ́. Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín á fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ó rí ẹni tó ń bá a ṣe é. Bí onítọ̀hún bá wá dá àgúnmu náà dúró lójijì, ó lè ṣubú lulẹ̀. Ẹni tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fi orúkọ Ọ̀sanyìn pa èèyàn, ó sì ń ba orúkọ gbogbo olóògùn òdodo jẹ́. Bí ẹṣin iwájú bá ti fi ẹsẹ̀ kọ, ojú àwa tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ fọ́. Kí ẹgbẹ́ olóògùn kọ̀ọ̀kan fọ ilé ara rẹ̀ mọ́ kí ìjọba tó wá bá wa fọ̀ ọ́.

Ọ̀nà tí mo ń tọ́ka sí kì í ṣe tuntun. Ní Àró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, tó kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn ọpọlọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọnú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aláìsàn ń gbé ní àwọn abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Lambo kò fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọ̀nyẹn kò sọ ẹ̀sìn nù. Ayé gbọ́ nípa Àró nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì gbà pé aláìsàn ló ṣe kókó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin tí ìka yín ń há, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun. Ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì, tó ti wà láti 1945, kò jìnnà sí wa. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ ìka lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn lójú ọ̀nà, nítorí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun ìdánwò. Ẹ sọ àtọ̀gbẹ yín fún dókítà. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu pẹ̀lú.

Ẹ̀yin awo àti ìyálóòṣà, bí ẹnìkan bá ní èèwọ̀ tó kan abẹ, ẹ bá a bi Ifá léèrè kí ó tó lọ, kí ẹ sì ṣe ohun tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbéèrè lọ́wọ́ Ifá dá a dúró títí ìka fi gan. Bí ẹ bá sì ń sín gbẹ́rẹ́, kí abẹ kan máa jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV ń gba ojú abẹ kọjá.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ọwọ́ wa ṣe ẹlẹ́yà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe láti 2023. Ọ̀wọ̀ tí ìjọba fún wa yẹ kó dé yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò ní padà wá lọ́la, ọ̀dọ̀ alárékérekè ni yóò gbà lọ.

Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè máa tẹ Odù, kí ó lè máa lu gángan, iṣẹ́ Ìṣẹ̀ṣe ló ń ṣe. Kí Ògún má jẹ́ kí irin kó bá wa. Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí oògùn wa máa jẹ́. Kí ìka ọwọ́ wa máa ká, kó máa nà, títí ọjọ́ alẹ́. Àṣẹ.